Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mùdùnmúdùn eegun àbúrò mi rọ́pò tèmi, tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì fi mí sílẹ̀, mo ti di ẹ̀rí ní Fìdítì. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dìde fún mi. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ pé nǹkan kan ń dùn mí. Ṣé ẹ̀rí tún máa ń ṣàìsàn ni?

Àìsàn ọjọ́sí lọ lóòótọ́, ẹ má pè mí ní aláìmoore. Àmọ́ oògùn tí wọ́n fi pa mùdùnmúdùn àtijọ́ gbé nǹkan oṣù mi lọ, ó gbé ọmọ tí mi ò tíì bí lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mùdùnmúdùn tuntun náà sì ń bá ara mi jà: ẹnu mi bó, ó gbẹ. Ọ̀pẹ òyìnbó tó kún etí títì wa yìí, bí mo bá fi kan ahọ́n, iná ni. Ayé sú mi.

Lọ́dọọdún, nọ́ọ̀sì kan máa ń pè láti ọsibítù, láti bi àwa tó ti pẹ́ tí a ti gba mùdùnmúdùn tuntun bí ayé ṣe rí fún wa. Lọ́dọọdún, "A dúpẹ́" ni mò ń sọ, torí ìyá mi kì í jìnnà, kò sì gbà kí n fẹnu ara mi pe àìsàn. Lọ́tẹ̀ yìí mo pinnu pé n ó sọ ọ́, kí wọ́n lè fi mí mọ dókítà tó ń gbọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí mọ́.

À ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí fóònù dún. Mo fẹ́ dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ni ìyá mi wí. "Tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta, ká jọ gbọ́."

Nọ́ọ̀sì kí wa tán, ó ní, "Aǹtí, ṣé inú yín máa ń bà jẹ́?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn..."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́!" Ó gbà á lẹ́nu mi. "Ọmọ mi ò ní bànújẹ́ lórúkọ Jésù!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún ìgbé ayé yín?"

"Mẹ́wàá ni!" ni ìyá mi tún dáhùn. "Ṣebí ó ń mí?"

Mo wo ojú obìnrin tó ti pọ̀n mí sáré lọ sí ọsibítù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Mo ní, "Mẹ́wàá, mà."

"Ẹ kú oríire o! Àwọn tó ṣì níṣòro la fẹ́ gbájú mọ́ báyìí. A ò ní pè yín mọ́."

Kí n tó lanu, ìyá mi ti na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Àmín o!"