Bàbá Rapelang, Ẹni Tó Yọ Bátìrì Ọkọ̀ Ìyàwó

Kò sí ará Meadowlands, àdúgbò wa, tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Rapelang yọ bátìrì ọkọ̀ ìyàwó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lefa ni ọkọ ìyàwó. Ó fẹ́ fi BMW rẹ̀ ta òkòtó lójú títì lẹ́yìn ìsìn, kó máa yí po lójú kan tí táyà ń rú èéfín, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe máa ń ṣe, ló bá lọ ra bátìrì kékeré àwọn eléré ìje, èyí téèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Kò sì rà á lọ́wọ́ Bàbá.

Bàbá, tó ti ń ta bátìrì látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò.

"Lefa, ìsìn yìí á gba wákàtí mélòó?"

"Mẹ́ta, Bàbá."

"Rédíò ń kọrin, iná ń tàn, ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Nǹkan yìí á ti kú kí pásítọ̀ tó ṣe àmín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ti ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi mú un lọ sílé ni?"

Ó yọ ọ́, ó gbé e lọ. Ìgbà tí ìyàwó ń jáde ni Bàbá padà dé, tòun ti bátìrì ńlá kan léjìká, tí òógùn ti rin kóòtù rẹ̀. Inú ìyàwó dùn débi tó fi dì mọ́ ọn. Àmì ọwọ́ Bàbá ṣì wà lára aṣọ funfun náà dòní.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò ní bi ọ́ léèrè irú mọ́tò tó o ní. Á ní: "Ibo lò ń gbé e lọ? Wákàtí mélòó ni yóò fi dúró síbẹ̀?" Ẹni tó ń sáré nílò agbára ẹ̀ẹ̀kan, kò fẹ́ ẹrù. Ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ nílò èyí tó lè ní sùúrù. Ọkùnrin kan purọ́ fún un pé eléré ìje lòun. Bàbá yọjú sẹ́yìn ọkọ̀, ó rí ìgò wàrà ọmọ.

"Ta ló ń sáré nínú yín, ìwọ àbí ọmọ?"

Bátìrì tó wúwo lọkùnrin náà gbé lọ.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ó sọ fún Keneilwe, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, pé: "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé mi lọ, kí mọ́tò mi ta òkòtó níwájú mi. Mi ò tọrọ nǹkan míì." Ọmọ náà sunkún, ó sì ṣèlérí.

Bàbá kú. Ó dùn wá gan-an. Láàárọ̀ Sátidé ìsìnkú, àwọn oníbàárà rẹ̀ pé jọ sídìí BMW pupa rẹ̀. Bátìrì ńlá inú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ní òkòtó ni ọkọ̀ fẹ́ ta, nítorí náà kékeré ló yẹ ẹ́, wọ́n sì fi kékeré sí i. Kò sí ẹni tó béèrè iye wákàtí tí yóò fi dúró. Wọ́n tanná, wọ́n ń gbọ́ àwọn orin tí Bàbá fẹ́ràn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ pọ̀, a rẹ́rìn-ín, a sunkún, wákàtí mẹ́rin lọ.

Wọ́n gbé pósí jáde. Lefa wọ inú BMW, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dún kà, ó kú.

"Mo ṣèlérí fún un," Keneilwe wí. Ó jókòó sílẹ̀.

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ wá wáyà láti fi fa iná láti inú ọkọ̀ míì. Lefa lọ sídìí ọkọ̀ tirẹ̀, ó yọ bátìrì tí Bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó gbé e sí èjìká lórí kóòtù dúdú rẹ̀, ó sì rìn kọjá láàárín wa. A mọ ẹni tá a ti rí tó rìn báyẹn rí.

Ó gbé e sínú BMW Bàbá, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ta òkòtó lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú pósí, èéfín táyà bò wá lójú, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ omijé èéfín àti èyí tó jẹ́ ti ìbànújẹ́.

Nígbà tá a ti itẹ́ òkú dé, tá a ń fọ ọwọ́ lẹ́nu géètì bí àṣà wa, Lefa sún mọ́ Keneilwe.

"Ṣé kí n wá yọ bátìrì mi?"

"Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ìyàwó mi délé?"

Keneilwe rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. "Ẹsẹ̀ ni."

Lefa di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.