Ọ̀sán tí Bátìrì Kú

Bí mo bá ti gbóòórùn ásíìdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀, ilé wa l'Ọ̀wọ̀ ni ọkàn mi ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kọ́kọ́ ṣe atọ́kùn ètò orin lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò síná. Bàbá ti so bátìrì mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀, kí ètò náà má bàa kọjá ká má mọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yọ, tó fẹ́ lanu, àwòrán fún pọ̀, ó sì kú.

"A ó wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Bàbá sọ fáwọn aládùúgbò.

A ò mọ̀ pé wọn ò tún ní pè é mọ́. Màmá ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni pé eruku ló bo ọmọ rẹ̀.