Ìdajì Ọ̀nà Ìdógò

Nathaniel Ọ̀ṣunníyì ga débi pé, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà máa ń pè é wá láti bá òun nu òkè pátákó ìkọ̀wé. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ẹgbẹ́ wọn ní Ìlaró. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn, kò ní òmíràn. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìlá náà. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é.

Kóòṣì wọn, Cornelius, kì í pariwo. Bí ẹnì kan bá ní ara òun kò gbé e, á ní, "Ẹ wo Ẹ̀gbọ́n yín." Bí àwọn alátakò bá fi ogún pọ́ìntì ṣíwájú wọn, á ní, "Ẹ wo Ẹ̀gbọ́n yín." Nathaniel á máa wo ilẹ̀. Àwọn yòókù rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Oṣù mẹ́ta ni orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń wú. Láàárọ̀, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọ́kọ́ fọwọ́ wọ́ ọ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ máa parí lópin oṣù, ó sì mọ̀ pé bí kóòṣì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún, kò sí àdéhùn tuntun.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ náà máa ń sáré láti Ìlaró dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Ìdógò, wọ́n á sì sáré padà. Wọn kì í mú fóònù dání. Kóòṣì fúnra rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, máa ń bá wọn sáré. Òfin kan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu géètì pápá, wọ́n á pe nọ́ńbà, láti ení dé èjìlá. Bí nọ́ńbà kan bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Gbogbo wọn ló máa yí padà lọ wá onítọ̀hún. Kóòṣì gbà pé ibẹ̀ ni ara àti ọkàn ti ń le. Nathaniel ni nọ́ńbà kejìlá.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n ti kúrò ní Ìdógò, wọ́n ń bọ̀ wálé, nígbà tí orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí iná. Òun ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bí àwọn yòókù ṣe yà ní kọ́nà, ọlọ́kadà kan yọ láti ọ̀nà oko. Nathaniel kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi gun ọ̀kadà náà. Ọ̀nà oko ni wọ́n gbà dé Ìlaró, láàárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Èrò rẹ̀ ni pé òun á fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri pápá, òun á yọ sẹ́yìn wọn ní ẹnu géètì, òun á pe "Èjìlá."

Ó fara pamọ́. Ó dúró. Wọn ò dé.

Kò mọ̀ pé lọ́ọ̀rì ń kọjá lemọ́lemọ́ lójú títì lọ́jọ́ náà, àti pé kóòṣì ti ní kí wọ́n pe nọ́ńbà níbi sọ́míìlì, kí wọ́n tó wọ ìgboro. Wọ́n pè é dé ọ̀kànlá, ó dákẹ́.

Nígbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, ó yé e. Wọ́n ti yí padà. Ọlọ́kadà mìíràn wà ní òdìkejì títì, ó ń nu máṣíìnì rẹ̀. Bí ó bá gùn ún, kò ní pẹ́ rárá tó máa fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Nathaniel wo ọlọ́kadà náà. Kí ló máa sọ bí wọ́n bá rí i tó ń sọ̀ lórí ọ̀kadà? Ó wọ inú pápá, ó bọ́jú, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Oòrùn ti mú gan-an kí wọ́n tó dé. Abdulfatah, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ló pọn Dèjì, ẹlẹgbẹ́ wọn, sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ Dèjì gbingbin. Ó ti wọ inú igbó lọ wò bóyá mọ́tò ló gbá Ẹ̀gbọ́n sí kòtò, kùkùté kan sì gún bàtà rẹ̀ já.

"Ẹ̀gbọ́n!" Abdulfatah kígbe. "Ẹ wà láyé? Àwa ń yẹ inú kòtò wò kiri o!"

"Mo ti ṣíwájú yín," ni Nathaniel wí. "Ẹ ò rí mi ni."

Wọ́n wo ara wọn. Abdulfatah bú sẹ́rìn-ín. "Èyí kì í ṣe ẹsẹ̀ mọ́, irin ni! Dèjì, sọ̀ lẹ́yìn mi, kí o wá kí àwọn tó lẹ́sẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n," ni Dèjì wí, "ẹ yá mi ní ẹyọ kan."

Kóòṣì tẹ̀ síwájú, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ wo Ẹ̀gbọ́n yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. 

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá Dèjì, Màmá Dinah, dé láti Ẹ̀gùá pẹ̀lú abọ́ àgbàdo sísè. Kò tíì rí ọmọ rẹ̀ kó gbá bọ́ọ̀lù rí. Ó fẹ́ bá wọn lọ wo ìdíje wọn ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ Dèjì tí wọ́n rán, tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ló bá. Kò sunkún. Ó béèrè pé ta ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n fi Nathaniel hàn án, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"O ṣé, ọkọ mi. Dèjì ní ìwọ lo ń kọ́ àwọn ní ìfaradà. Ó ní bí òun ò tiẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, òun ò kábàámọ̀, torí ìwọ lòun wá lọ."

Nathaniel dì í mú. "Màmá, ẹ dìde. Ọ̀kadà ni mo gùn."

Kò yé ẹnikẹ́ni. Ó tún un sọ. "Lọ́jọ́rú. Orúnkún mi ti bàjẹ́. Mi ò sáré dé ilé. Ọ̀kadà ló gbé mi."

Abdulfatah rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀fẹ̀ yín ti pọ̀ jù." Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Dèjì ló sọ̀rọ̀. "Ara ń ro yín, ẹ gun ọ̀kadà. Mo gbà. Ìgbà tí ẹ wá rí i pé a ò dé ńkọ́? Kí lẹ ṣe?"

"Mo bọ́jú," ni Nathaniel wí. "Mo jókòó."

Màmá Dinah gbé abọ́ àgbàdo rẹ̀, ó ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Nathaniel, ó fún un ní tirẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ò lé e. Òun ló kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Ayétòrò ló wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní eré ìdárayá. Bí ọdún Kérésì bá dé, Dèjì a máa pè é. Fóònù náà á dún títí, Nathaniel á máa wò ó. Tó bá dákẹ́ tán, á wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: "O ṣé, àbúrò. Mi ò sí nítòsí fóònù ni."