Kéwú Sípáníìṣì

Òdo! Òdo ni tíṣà Sípáníìṣì kọ sórí ìwé ìdánwò ọmọ mi, ó tún wá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó ní kí n mú sùúrù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, Chicago níbí ni mo bí i sí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo fi máa ń dá a lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ọdún ìdánwò yẹn ló yẹ kó jáde ní háì sùkúùlù. Wọ́n ní bí kò bá yege nínú Sípáníìṣì, kò sí ìwé-ẹ̀rí, yunifásítì tó ti gbà á náà ò ní gbà á mọ́. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ló mọ̀. Sípáníìṣì nìkan ló há a lọ́fun bí eegun ẹja.

Èmi, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Auburn Gresham, Edgewater la sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ Chicago mọ̀ pé àtorí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Red Line dé ìdí ẹ̀ ni, ọ̀nà jìn. Ọmọ ò tíì ní dé láti sùkúùlù tí mo ti máa jáde. Bí mo bá sì máa fi wọlé láàárọ̀, ó ti ń múra àtilọ. Bí ẹnì kan ò bá wá síbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n gba ṣíìfù ẹ̀ mọ́ tèmi, mo sì máa ń gbà á, torí rẹ́ǹtì ò mọ ẹni tó rẹ̀. Tí mo bá ti wà nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, màá pè é lórí fóònù. Ohun tó máa ń sọ kó tó pa fóònù ni, "Ó dàárọ̀, Mọ́mì." Oòrùn ṣì wà lókè o!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé, mo bá a nídìí tábìlì, ó gbórí lé ìwé, ó ń sunkún. Mo ní kí ló dé. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ó ní orí ọ̀rọ̀ kì í yí, ìdí ẹ̀ ló ń yí: bó bá jẹ́ èmi, ọ̀tọ̀, bó bá jẹ́ ìwọ, ọ̀tọ̀, àná ní tiẹ̀, òní ní tiẹ̀, ọ̀la ní tiẹ̀. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Èyí náà ni? Ṣé èmi tí àáfà fi pàṣán kọ́ ní súrà kan tẹ̀lé òmíràn, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè, lèyí fẹ́ dẹ́rù bà?

Ní ilé kéwú tiwa, a kì í jókòó kí a máa wo ìwé bí ẹní ń wo fọ́tò. Àáfà á kà á, àwa á gbà á lẹ́nu ẹ̀, a ó máa mira síwá sẹ́yìn, ohùn wa á máa ròkè, títí ọ̀rọ̀ á fi wọnú eegun.

Mo ní, "Nu ojú ẹ. Dìde. Ó yá, ká jọ máa ké e."

Báyìí la bẹ̀rẹ̀. Trabajar, ìyẹn ṣiṣẹ́: trabajo, trabajas, trabaja. Esperar, ìyẹn kí èèyàn máa retí ẹlòmíì: espero, esperas, espera. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Òun ló ń tún un ṣe sí mi lẹ́nu, èmi ni mo ń fún un lóhùn orin ẹ̀. A ṣe tòní tán, a bọ́ sí tàná, a kọjá sí tọ̀la. Mò ń ro ògì, òun ń de híjáàbù, àwa méjèèjì ń mira. Á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Mọ́mì, orí yín ti dàrú." Kí n má purọ́, mi ò gbádùn àárọ̀ kankan ní ìlú yìí tó àwọn àárọ̀ yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọmọ mi jókòó, ó ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ: ó ń mira, ó ń ké e sínú, ètè ẹ̀ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tíṣà ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan kan wà létí ẹ̀, lábẹ́ híjáàbù yẹn. Ó mú un jáde, ó pe tíṣà obìnrin kan kó wo etí ẹ̀ ní kọ́rídọ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń kọjá. Kí ni wọ́n rí? Yẹtí tí mo rà fún un nígbà ọdún iléyá. Síbẹ̀, tíṣà Sípáníìṣì lóun ò dá ìwé padà fún un, pé ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìdánwò, òdo ni tiẹ̀.

Ọmọ mi pè mí níbi iṣẹ́, ó rò ó fún mi. Háà! Ọmọ tèmi! Orí mi gbóná. Bàbá arúgbó tí mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ ní kí n jọ̀ọ́, kí n rọra, pé ẹ̀yìn òun kọ́ ló kọ òdo.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bí sùkúùlù ṣe ń jáde, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wọn ní Uptown, tèmi ti yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi, ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan báyìí ni tíṣà, ọmọ tí mo lè bí. Kò kí mi. Orúkọ àbísọ mi ló là mọ́ mi lójú, àfi bíi pé a jọ ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀, ó ní kí n jókòó.

Mo ní, "Mi ò jókòó. Kí lo rí létí ọmọ mi?"

"A ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ lórí, ẹ ò bẹ̀ ẹ́, ẹ wá fi òdo lé e lọ́wọ́?"

Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí nìkan. Ó ní àkọ́sórí kì í ṣe ìmọ̀, pé bí ayékòótọ́ lọmọ mi ṣe ń ké e, kò mọ ohun tó ń sọ.

"Ayékòótọ́? Bi í léèrè nísinsìnyí. Lójú mi báyìí!"

Ó ní ó dáa. Ó ní òun máa fún un ní ọ̀rọ̀ méjì, trabajar àti esperar, kó fi ìkọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa àná, òní àti ọ̀la. Bó bá gbà á, òun máa pa òdo yẹn rẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Nídìí ògì wa ni wọ́n ti bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò mira rárá. Ó ní, "Mi mamá trabajó ayer. Mi mamá trabaja hoy. Mi mamá trabajará mañana." Ìyá òun ṣiṣẹ́ lánàá, ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀! Mo wo tíṣà tìkà-tẹ̀gbin.

Ó wá bọ́ sórí èkejì. Kò wò mí. "Ayer esperé a mi mamá. Hoy espero a mi mamá." Lánàá, mo retí ìyá mi. Lónìí, mò ń retí ìyá mi. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mañana no esperaré."

Lọ́la, mi ò ní retí ẹ̀ mọ́.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní ó dára gan-an, gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ ló pé, kò sí àṣìṣe kankan. Ó pa òdo rẹ́, ó kọ máàkì tuntun. Ọmọ mi yege. Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn, àbí? Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò gbá ọmọkùnrin yẹn létí. Ọmọ ń sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn, ìdí ọ̀rọ̀ ni tíṣà ń kà. Ẹni tó sọ pé ọmọ mi ò mọ ohun tó ń sọ, òun gan-an ò gbọ́ ohun tí ọmọ sọ. Inú sì bí mi sí ọmọ náà: kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi nílé, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdèkédè, tó fi jẹ́ iwájú àlejò ló ti sọ ọ́?

A jọ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ síbi iṣẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ kejì ń lọ sílé. Fóònù mi dún. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni, a sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ọkọ̀ tèmi dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ mi gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ó dàárọ̀, Mọ́mì."

"Ó dàárọ̀ ti bàbá ta ni?" Mo pariwo débi pé àwọn èèyàn yíjú wò wá. "Ṣé o ò rí oòrùn lókè ni?"

Ó tẹjú mọ́ mi. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún tíṣà?"

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ tèmi lọ. Fóònù ṣì ń dún nínú báàgì mi. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, inú ṣì ń bí mi, a lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a jọ ń retí ọkọ̀ ilé.