Ooru Àlejò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí hítà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, fi ojú mi rí ní Houston. Ní eighties ni, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Layoff ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ju ohun tó ń ṣe fúnni lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní Texas kì í tutù. Òótọ́ ni, kì í tutù, àfi tó bá tutù. Tó bá wá tutù, ẹ ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi àkísà wé ẹnu ẹ̀rọ omi níta bí ẹni ń wé ọmọ tuntun, kí omi má baà dì, kó wá bẹ́ páìpù.

Kí òtútù tó dé, a ti ṣe fáàrí. Apartment kan ní àdúgbò Sharpstown là ń gbé tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé onílé ló ń san owó iná, omi àti hítà. Tí ooru bá pọ̀ jù, a máa ṣí fèrèsé. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Nígbà tí owó ń wọlé dáadáa, ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, ní ìnira ti tó, a bá kó lọ sí odindi ilé kan ní Alief. Pálọ̀ rẹ̀ ga débi pé ẹyẹ lè fò nínú ẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òkè ni ooru máa ń lọ, àti pé àwa la ó máa san owó ooru abẹ́ àjà níbi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Kò pẹ́ tí a kó débẹ̀ ni layoff kan ọkọ mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan. Ó ń wọ táì jáde láràárọ̀, ó sì ń lọ fọ mọ́tò fún ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò àlòkù.

Owó tó kù nílẹ̀ ni èyí tí mo tọ́jú fún sáà ìkẹyìn mi ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Tí mo bá san án, mo parí, mo di nọ́ọ̀sì, a bọ́. Tí mi ò bá rí i san, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí màá tún padà. Nítorí náà la ṣe fẹnu kò pé hítà ò ní ṣiṣẹ́ nílé wa. A wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, a fi ìbọ̀sẹ̀ sùn, àti Ṣọlá ọmọ wa. A ò kú.

Òfin yẹn dára. Àlejò ló bà á jẹ́.

Alàgbà Oyèwọlé àti ìyàwó wọn, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Alàgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Bí mọ́tò wọn bá ti dún níta báyìí, Bàbá Ṣọlá á ti sáré dé ibi bọ́tìnnì hítà lára ògiri, á yí i dé ibi tó lè dé. Mo ní kí ló dé? Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àṣírí wa tú ni? Ó ní ilé tó bá tutù máa ń rojọ́ onílé.

Màmá Alàgbà á bọ́ kóòtù. Wọ́n á tún bọ́ súwẹ́tà. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á mú ìwé ìsìn fẹ́ ara wọn, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga. Mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí ti fìdí kalẹ̀. Wọ́n ń fi owó skúùlù mi yáná.

Tí wọ́n bá fẹ́ lọ, Alàgbà á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo ilé yìí láṣírí. Àmín ọkọ mi máa ń le ju ti gbogbo wa lọ. Ilẹ̀kùn ò ní tíì padé tán tó ti máa pa hítà.

Bíìlì wá dé. Mi ò ní sọ iye tó wà nínú ẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ ọkọ mi. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé mi ò ní di nọ́ọ̀sì mọ́ láé.

Nígbà tí omijé tán, inú ló wá ń bí mi. Mo ní ó dáa, ní Sátidé, àwa náà á lọ kí wọn. A máa jókòó sínú ooru tiwọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, màá bọ́ súwẹ́tà, màá sì tú gèlè. Ọkọ mi ní kò bójú mu. Mo ní kó lọ ṣáná sí mọ́tò.

A dé ilé wọn, ilé kékeré kan ní Sharpstown, a kanlẹ̀kùn. Màmá Alàgbà ló ṣí i, tàwọn ti kóòtù, tàwọn ti fìlà onírun. Wọ́n kí wa tẹ̀rín tọ̀yàyà. Wọ́n ní, “Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ilé wa tutù o, ẹ má bọ́ kóòtù yín.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ wa, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Alàgbà ń ka Bíbélì tiwọn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá hítà wọn bàjẹ́ ni. Alàgbà ní rárá, koko lara ẹ̀ le. Wọ́n ní àwọn ṣì ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́. Màmá Alàgbà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ bẹ̀ wá, ooru ilé wa fẹ́ pa àwọn, gbogbo Sọ́ńdè ni orí máa ń fọ́ àwọn délé.

Orí fífọ́! Mo wá bi wọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, pé kí ló wá ń gbé wọn wá.

Alàgbà bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa layoff náà tipẹ́, torí ẹnì kan nínú ìjọ wà ní ilé iṣẹ́ yẹn. Àyè kan ṣí ní ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni àwọn fẹ́ fi lọ Bàbá Ṣọlá. Àmọ́ bí ooru bá ti kọ lu àwọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn á ní ọkùnrin tó ń mú ilé gbóná tó báyìí ti ní láti ríṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ, kí àwọn má lọ fi iṣẹ́ gbígbé páálí tàbùkù ẹ̀. Àwọn ń retí kó ṣáà sọ gbólóhùn kan. Àyè náà ńkọ́? Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i.

Ẹ rò ó wò. Owó mi la fi ra ooru, ooru la fi lé iṣẹ́ lọ.

Bàbá Ṣọlá kọ́kọ́ ní kò séwu, a wà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mi ò níṣẹ́. Owó skúùlù ìyàwó mi ni mò ń dáná sun.” Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún èmi gan-an rí. Ìbínú mi wábi gbà. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Alàgbà ò bá a wí. Wọ́n ní tí àyè mìíràn bá ṣí, òun ni àwọn á kọ́kọ́ pè. Màmá Alàgbà ní kí n mu ẹ̀kọ mi kó tó tutù.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò wọ táì lọ fọ mọ́tò mọ́. Nígbà tí kò sì sá fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní kí àwọn ará ìjọ máa gbé tiwọn wá. Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé ló ń fọ wọ́n níwájú ilé, lójú gbogbo Alief. Ó fọ ti Pásítọ̀ pàápàá. Owó yẹn ló dí ihò tí hítà dá sínú owó skúùlù mi. Mo san án, mo sì di nọ́ọ̀sì.

Àwọn àgbà ní ṣe bí o ti mọ. Ohun tí èmi fi kún un ni pé, jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ náà mọ ibi tí agbára rẹ mọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti fi ohun tí ẹ ò ní ṣe lálejò rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, a ò ní fi yín ṣẹ̀sín. Bàbá Ṣọlá ń kà á lẹ́yìn mi báyìí. Ó ní kí n má gbàgbé láti sọ pé mọ́tò Pásítọ̀ mọ́ dáadáa.