Ìdajì Orí ni Ìyá Àgbà Máa Ń Kọ́kọ́ Dì

Irun màmá mi dé ìdajì nígbà tí Ìyá Àgbà gbé òòyà kalẹ̀. Apá òsì ti parí, ó ń dán fún àdí, àwọn ìlà rẹ̀ tẹ̀léra bí aporo oko. Apá ọ̀tún ṣì wú sókè, ó ń rùn fún èéfín ààrò. Màmá mi fọwọ́ kan apá tó kù, ó sì mọ̀ pé wàhálà ti dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi parí ẹ̀. Mo fẹ́ tètè dé ọjà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti jókòó lo ti ń bú àwọn tí wọn ò fẹ́ ẹni tí ìwọ fẹ́ nínú ìbò yìí. Ó dáa. Wá sọ tiwọn báyìí."

"Tiwọn kẹ̀? Wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu."

"Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni irun kàn lẹ́yìn màmá mi, mo ti tú tèmi sílẹ̀, mo jókòó sórí ẹní. Ìyá Àgbà fi ẹ̀yìn òòyà kàn mí lórúnkún, ó ní kí n má ṣe rẹ́rìn-ín, tèmi náà ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

N kò ní í dárúkọ Ìyá Àgbà. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ọmọdé tó gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, n kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ìyá àgbà wa nípa ẹ̀jẹ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Abobo, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, nínú àgbàlá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Abobo Gare, níbi tí ilé mẹ́jọ ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Láti Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti gbé e wá ní ìyàwó, kí wọ́n tó bí bàbá mi. "La Vieille", ìyẹn Ìyá Arúgbó, ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Iṣẹ́ irun dídì ni iṣẹ́ rẹ̀, iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àpótí kékeré kan sì ni àga rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ gbàkà, "Adjamé, Adjamé, Adjamé," títí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń dà bí orin lẹ́nu wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Bí ó bá dì ọ́ lórí, ojú rẹ á fà sókè fún ọjọ́ méjì. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ń wá láti ọ̀nà jíjìn, torí irun rẹ̀ kì í yára tú, àti torí pé, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ gbà, wọ́n fẹ́ràn àṣà rẹ̀ yẹn. Ìdajì orí ni yóò kọ́kọ́ dì. Yóò máa gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ: ọkọ, orogún, ìjọba. Tó bá dé àárín orí, yóò dúró, yóò ní kí o sọ ti ẹnì kejì. Kì í ṣe kí o dárí jì í. Kì í ṣe kí o gbà fún un. Kí o kàn sọ tirẹ̀, bí òun gan-an ì bá ṣe sọ ọ́ ká ní ó wà níbẹ̀. Bí o kò bá sọ ọ́, ta ni yóò fi orí àbọ̀ la Abobo kọjá? Àwọn olóríkunkun kan máa ń we gèlè lé e, wọ́n á lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti padà.

Àwa Yorùbá ní ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá Àgbà ní gbígbọ́ kò tó. Etí lè gbọ́ kí ọkàn má sí níbẹ̀. Àmọ́ bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, ó di dandan kí o tọ́ ọ wò.

Ọdún ìbò ni ọdún tí mò ń sọ yìí, ọdún tí ìlú pín sí méjì. Àgbàlá wa náà pín. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń ta àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ará Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n, apá kan ni wọ́n sì dìbò fún. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn ń ta aṣọ ní Gare. Júlà ni, ará Àríwá, gbogbo wa ń pè é ní Tantie, apá kejì ló dìbò fún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ààrò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ní ọdún yẹn, ẹnì kan to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin sí àárín ààrò náà, wọ́n sì dẹ́kun kíkí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bu iyọ̀ á kúkú lọ ra tirẹ̀.

Èmi ì bá má fiyè sí i, ká ní kò kan ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ alátíẹ́kẹ́ yìí ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní. Lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà ni àwa méjèèjì dàgbà sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju èmi gan-an lọ. Ní ọjọ́ kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó sọ fún mi pé, "Dimanche, tonton á wá kó wa. Maman ní wọ́n á pa wá níbí." Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni. Mo ka ọjọ́ tó kù kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó dé ní Sunday, mo sì sunkún títí imú mi fi dí.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ lórí ìlà omi pé àwọn Ànàgó náà, kí wọ́n di ẹrù wọn. Àwa ni wọ́n ń pè ní Ànàgó. Inú bí mi. Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà, mo sì sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú àfikún: mo yọ ètè síta, mo fi ọwọ́ sí ìbàdí, mo ń sín ohùn obìnrin náà jẹ.

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Tún un sọ," ó ní, "kì í ṣe pẹ̀lú ẹnu yẹn. Sọ ọ́ bí ẹni pé màmá rẹ ló ń sọ ọ́."

Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé bàbá ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó sílé láti Ọdún Àjíǹde, láìríṣẹ́. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní kí n lọ pe alátíẹ́kẹ́ wá di irun ìrìnàjò rẹ̀ ní Sátidé, kí n sì lọ sọ fún Tantie pé ọjọ́ kan náà ni àyè yọ fún irun ìsọmọlórúkọ tó fẹ́ lọ. Kò ní kí n sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì. Mo lọ, mo sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ara wọn níwájú ilẹ̀kùn ní Sátidé, Tantie yí padà. Ìyá Àgbà ti di etí ìró rẹ̀ mú. Pàtẹ́wọ́ ni ó dì fún àwọn méjèèjì, èyí tí irun òsì àti irun ọ̀tún máa ń pàdé ní àárín orí. Ó di ìdajì ti ẹni àkọ́kọ́, ó di ìdajì ti ẹnì kejì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó lórí ẹní, a di ọwọ́ ara wa mú. Òòyà nìkan ni à ń gbọ́, àti àwọn ọlọ́jà lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà nu ọwọ́.

"Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ," ó ní, ní Faransé rẹ̀ tó máa ń tiro. "N ó sọ ti ẹni tó ní kí àwa Ànàgó di ẹrù wa."

Mo fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi.

"Ó ní Ànàgó dé, a fún wọn láàyè. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́, ìlú wọn ni wọ́n ń kọ́ ọ sí. Ọkọ mi tí wọ́n bí síbí jókòó láìríṣẹ́, ọmọ Ànàgó tó dé lánàá ti ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ìlú bá dáa, wọ́n wà pẹ̀lú wa. Bí ìlú bá dàrú, wọ́n á wọkọ̀. Èmi ò níbòmíì tí mo lè lọ. Ta ni yóò bá mi sunkún ìlú mi?" Ó wo alátíẹ́kẹ́. "Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Bóyá mo sọ ọ́ dáadáa ni mo bi ọ́."

Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Òun nìyẹn."

"Èmi ò gbà á o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọkọ mi, ilẹ̀ Abobo yìí ni mo sin ín sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọn ó sin èmi náà sí. Ṣùgbọ́n mo ti sọ tìẹ ná. Tantie, ó kàn ọ́. Sọ tirẹ̀."

Tantie rẹ́rìn-ín àbòsí. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà, ó ní, "Wọ́n ń sọ pé àwọn nìkan ló ni ìlú—"

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé. Òun ni kí o wò."

Tantie yíjú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá ẹ fún àlejò ní ilẹ̀ kó fi dáko kòkó. Bàbá kú, àlejò ní òun ló ni ín. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí àwa bá gbàjọba, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yín mọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ sá kúrò lábúlé nígbà ogun àkọ́kọ́, kò tíì padà."

"Fi kún un pé wọ́n sun ilé rẹ̀," ni alátíẹ́kẹ́ wí.

"Wọ́n sun ilé rẹ̀," ni Tantie wí.

"Òun nìyẹn."

Ó wá kan alátíẹ́kẹ́. Ó fọwọ́ pa apá orí rẹ̀ tí wọn kò dì. "Bàbá bàbá ẹ wà lára àwọn tó la ojú irin. Abobo ni wọ́n bí ọ sí. Síbẹ̀, bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà, wọ́n á wo orúkọ ẹ, wọ́n á ní ọmọ ibo ni ọ́. Wọ́n ya ìwé àbúrò ẹ mọ́ ọn lójú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sọ fún ẹ pé ọmọ ìlú ni ọ́, lo bá dìbò fún un." Ó wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í: "Èmi náà ti bi ọ́ rí, lórí ìlà omi, pé ọmọ ibo ni ọ́."

Ìkòkò ẹnì kan ń hó nínú àgbàlá, kò sẹ́ni tó dìde sọ iná rẹ̀ kalẹ̀. "Òun nìyẹn," ni Tantie wí nígbẹ̀yìn, ó sì fi etí gèlè nu ojú.

Wọn ò dì mọ́ra o. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó ní òun yí ìbò padà. Ìyá Àgbà kàn mú òòyà, ó di apá tó kù fún wọn, pẹ̀lú ìka tí àrìnká ti mú wú, títí tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀, inú mi ń dùn débi pé mo fẹ́ pariwo fún gbogbo Abobo pé ìyá wa rèé, ìyá tí kò ní ìwé ìdìbò kankan lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Sunday, tonton dé pẹ̀lú ọkọ̀. Alátíẹ́kẹ́ fún un ní omi mu, ó ní kó máa lọ ná. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ tí ó ń kí Tantie ní Júlà, "I ni sogoma." Tantie fa búlọ́ọ̀kù kan yọ nínú mẹ́rin tó wà láàárín ààrò, ó jókòó lé e, ó sì ń dá iná. Nígbà tí ìbọn wá dún nítòótọ́ ní Abobo, yàrá Tantie ni gbogbo wa sùn sí, nílẹ̀, torí ògiri rẹ̀ ló nípọn jù. Òun àti alátíẹ́kẹ́ ṣì ń jiyàn níbẹ̀, ní jẹ́jẹ́.

Ìyá Àgbà ti sùn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Olùkọ́ ni mí ní Bingerville. N kò mọ irun dì. Òwú àti òòyà kò gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́. Ìwé mi ti jáde, mo ti di ọmọ ìlú, èmi náà sì ń dìbò. Ní ìbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí Wásáàpù àwa ọmọ àgbàlá àtijọ́, mo bú àwọn apá kejì dáadáa, mo sì gbádùn un. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀rẹ́ mi fi pè mí. Apá kejì yẹn ló wà.

"Orí àbọ̀ lo gbé jáde yìí o," ó ní. "Dúró ná, d'abord, jẹ́ n sọ tìẹ." Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ débi pé mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó dára ju tèmi lọ. "Ó kàn ọ́," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ti ń yọ ètè síta, ó ti fi ọwọ́ sí ìbàdí. Mo dákẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé màmá mi ló ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, gbàkà kan kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ìyá Àgbà, irun tí ẹ dì níjọ́ náà kò tíì tú.