Ọ̀pẹ Tí Wọ́n Gé Nítorí Ẹyẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ilé mẹ́ta ló wà ní ìdí àpáta níbi tí à ń gbé ní Ìwárò Ọ̀kà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń sọ pé ìfẹ́ ló wà láyé àtijọ́: irọ́ ni. Ìkórìíra ti wà kí wọ́n tó bí mi, mo sì mọ ilé tó ń gbé.

Ilé kìíní jẹ́ tiwa. Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi sì ń lọ oko. Ilé kejì jẹ́ ti opó kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Elépo, nítorí epo pupa ló ń ṣe tà. Láti Èpìnmì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀kà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀, ohun tó sì kù fún un kò ju ilé náà àti ọ̀pẹ mélòó kan lọ. Èyí tó ga jù tó sì ń so jù nínú àwọn ọ̀pẹ náà dúró lójú ààlà, láàárín ilẹ̀ rẹ̀ àti ti ilé kẹta.

Bàbá Sójà ló ni ilé kẹta. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń pàṣẹ kò bá a fẹ̀yìn tì. Èdè Ọ̀kà ni gbogbo wa ń sọ láàárín ara wa, àmọ́ bí inú bá ti ń bí i, Pijin tó kọ́ ní bárékè ló máa ń fi bú èèyàn. Ó ń sin adìẹ àgíríìkì, àwọn funfun tí kò gbọ́n bí adìẹ ìbílẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òròmọdìẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọ́n á tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ọ̀kan á ti pòórá.

Ọdún yẹn náà ni ẹyẹ ńlá méjì wá tẹ́ ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ ojú ààlà. Ara wọn funfun, ìyẹ́ apá wọn dúdú, awọ ojú wọn pupa bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á, ẹnu wọn sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìkọ́. Èmi ò rí irú wọn rí. Bàbá Sójà náà kò rí irú wọn rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ àdá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Elépo. "Ìwọ obìnrin yìí, jáde! Ìwọ lo ń sin ẹyẹ tó ń kó mi ládìẹ."

Ìyá Elépo jáde, epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹyẹ yẹn kì í jẹ adìẹ. Ẹyìn ló ń jẹ. Èmi ni mo yẹ kí n máa bá a jà, torí ẹyìn tí mo fẹ́ fi ṣe epo ló ń jẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Ẹyẹ tó ní èékánná báyìí, ẹyìn ló ń jẹ? Bí ẹyẹ Ọlọ́run bá ni, kí ló dé tí kò bà sórí ọ̀pẹ ẹlòmíràn?"

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kò pe obìnrin náà ní àjẹ́ o. Ó kàn bi í ní ìbéèrè níṣojú àwọn tó ń lọ sódò, àwọn yẹn ló sì bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé ẹyẹ àjẹ́ kan ń gbé lórí ọ̀pẹ opó, wọ́n ní kí wọ́n gé ọ̀pẹ náà. Obìnrin tó ń fún mi ní àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kọjá lójúde Ìyá Elépo, ó sì ń tutọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àkàrà rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu mi.

Bàbá mi lọ bá olórí àdúgbò, ó ní kí wọ́n má ì tíì gé ọ̀pẹ náà títí di ọjọ́ ìpàdé àdúgbò, kí òun lè mọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Olórí gbà, ṣùgbọ́n kò gbà á tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú mi dání, a wọ ọkọ̀ gba Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ wá ìwé ẹyẹ.

Ní ilé ìtàwé tó wà nítòsí ọjà, ọkùnrin tó ń tàwé gbé ìwé kan kalẹ̀ tó tóbi bí àtẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àwòrán inú rẹ̀ rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi nawọ́ sí i. Bàbá mi ṣí i, ó ṣí i, ó pa á dé.

"Ẹyẹ ilẹ̀ Òyìnbó nìyí. Yìnyín ló wà lẹ́yìn wọn."

Ọkùnrin náà fajúro. "Ẹyẹ ṣáà ni ẹyẹ, Tíṣà. Ìwé tó dára jù ní Ìkàrẹ́ nìyẹn. Àbí owó ni kò tó?"

"Bí mo bá ní kí o júwe ilé mi ní Ọ̀kà, ṣé Ìlú Ọba lo máa mú mi lọ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ síra wọn débi pé àwọn tó ń ra gègé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níkẹyìn, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ káńtà, ó jù ú sórí tábìlì, eruku bò wá. Ìwé náà lè wọ àpò kóòtù. Ẹyẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán kọjú sí àlàyé, àwòrán ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó ń fi ibi tó ń gbé hàn, wọ́n sì ya akọ, abo àti ọmọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá mi rà á. Kò dúpẹ́. Ọkùnrin náà kò sì sọ pé ká máa padà bọ̀.

Mo rò pé bí a bá ti délé ni a ó ṣí ìwé. Rárá o. Bàbá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n jókòó sẹ́yìn ilé kí n wo ẹyẹ ná, nítorí ẹyẹ á fò lọ, ìwé kò ní fò. Kí ni ó tóbi tó? Ṣé bí àdàbà ni, àbí bí adìẹ? Báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe rí? Báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe rí bó bá ń fò? Kí ló ń ṣe níbi tó bà sí? Bí mo bá ti dáhùn gbogbo ìyẹn tán ni yóò tó ṣí ìwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ẹyẹ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí ọ̀pẹ náà. Mo já ìwé gbà, mo ṣí i sí àwòrán àwòdì, mo pariwo pé Bàbá Sójà ló jàre. Bàbá mi kò bá mi ṣeré. "Àwọ̀ nìkan lo wò! Kà á síta." Mo kà á. Ìwé ní ìrù àwòdì là sí méjì bí ìrù ẹja. Mo gbójú sókè, ìrù ẹyẹ tó wà lórí ọ̀pẹ kúrú, ó sì rí róbótó. Bàbá mi ṣí ojú ewé mìíràn, ibẹ̀ la ti rí i: ẹyẹ funfun àti ọmọ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ tí ìwé pè é túmọ̀ sí igún ọ̀pẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èso ọ̀pẹ ni olórí oúnjẹ rẹ̀.

Bàbá mi kò tíì fẹ́ fi ìyẹn jà. Ó ní ìwé lè sọ tirẹ̀, ojú wa gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. A ń ṣọ́nà. Láàárọ̀ kan, tí ọ̀kan nínú àwọn funfun náà dúró lórí ìdì ẹyìn tó ń já a jẹ, àwòdì kan já wálẹ̀ láti orí àpáta, ìrù rẹ̀ là gbangba. Ó gbé òròmọdìẹ lójúde Bàbá Sójà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Igún ọ̀pẹ kò tilẹ̀ yíjú. Ìyá mi náà rí i. Ìyàwó Bàbá Sójà pàápàá rí i, ó ju ìgbálẹ̀ tẹ̀ lé àwòdì náà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá mi gbé ìwé síwájú gbogbo wọn. Olórí àdúgbò wọ awò ojú rẹ̀, ó wo àwòrán, ó wo òkè ọ̀pẹ. Ó ní, "Òun gan-an nìyí. Ojú rẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀." Àwọn àgbà mi orí. Bàbá Sójà dìde. "Ìwé Òyìnbó lo fẹ́ fi sọ ẹyẹ Ọ̀kà fún mi?" Bàbá mi ní kó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan.

Olórí wá wúkọ́ díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ yé wa. Ṣùgbọ́n kí àlàáfíà lè wà ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀pẹ náà."

Àlàáfíà! Wọ́n gé e lọ́jọ́ náà. Nígbà tó wó, ìtẹ́ fọ́ sórí àpáta, ọmọ ẹyẹ tí kò tíì mọ̀ ọ́n fò dáadáa kú sínú rẹ̀. Inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹyìn ló kún ibẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ jáde níwájú wọn. Ìyá Elépo ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ti gé e. Èmi ló kù."

Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èpìnmì. Ìyá mi sunkún tẹ̀ lé e dé ibi ọkọ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Sójà fi mọ odi ilé rẹ̀, odi náà sì kọjá ojú ààlà, ó gba orí kùkùté ọ̀pẹ náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Adìẹ kọ́ ló ń dùn ún. Àwòdì kò sì dẹ́kun, ó gbé òròmọdìẹ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi pa adìẹ sínsìn tì.

Bàbá mi kò kí i mọ́ títí ikú fi yà wọ́n. Nígbà tí Bàbá Sójà kú, wọ́n ní kí n wá bá wọn dá orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun kankan ò dùn mí. Pásítọ̀ máa ń wàásù ìdáríjì, mo máa ń gbọ́ ọ, màá sì ṣe àmín. Títí dòní, n kò tíì rí ibi tí mo máa gbé e sí.

Ayé ti yí padà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ ń sọ? Wọ́n ti ń fọ́ àpáta tí àwòdì ń gbé tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọ̀pẹ tó ga kò pọ̀ mọ́ ní Ìwárò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àkùngbá ń kọjá, fóònù wọn á gbọ́ ohùn ẹyẹ, á sì dárúkọ rẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ó wù mí. Ká ní bàbá mi rí i, ì bá jó.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ń kàwé níbẹ̀, fi fídíò kan hàn mí. Àwọn ọ̀dọ́ yí ìyá arúgbó kan ká nílùú kan, wọ́n ń gbá a létí, wọ́n ní ẹyẹ kan ló já lulẹ̀, tó sì di ìyá náà. Ọmọ-ọmọ mi ń sọ pé, "Mama, ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n."

Mo bi í pé, "Irú ẹyẹ wo ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. "Mama, mi ò tiẹ̀ wo ẹyẹ náà."